Ọjọ́ Tí Wọ́n Lọ Bẹ̀bẹ̀ Nítorí Tìràńsífà Mi

Mo béèrè òkúta, wọ́n fún mi lẹ́ja. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, jiọ́lọ́jì ni mo yàn, ìyẹn ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ àti gbogbo ohun tó sápamọ́ sínú ilẹ̀. Nígbà tí orúkọ jáde, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa ẹja sísìn ni mo bá ara mi, ní yunifásítì kan tí kò jìnnà sílé wa l'Abẹ́òkúta. Gbogbo ará ilé ń yọ̀. Màmá mi pín mínírà yí gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí tiwa ká ní ọjà Ìtòkú. Èmi nìkan ni mo fajú ro. Wọ́n ní kí ló tún ń ṣe mí, ṣebí yunifásítì náà ni yunifásítì, àbí ẹja àti òkúta kọ́ ni wọ́n jọ wà nínú odò Ògùn?

Mo gbìyànjú o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n ò gbìyànjú. Odindi ọdún kan ni mo fi wọ bàtà òjò, tí mo ń kó sínú adágún omi láàárọ̀ kùtù, tí mo ń fún ẹja àrọ̀ lóúnjẹ, tí àwọn aláìmoore yẹn sì ń ta omi ẹlẹ́rẹ̀ sí mi lójú. Ó dé ibì kan tí n ò lè jẹ ẹja mọ́. Bí màmá mi bá fi ẹja sí ọbẹ̀ mi, màá kọ́kọ́ bá a jà ná. "Ìwọ yìí tún ni? Ṣé n ò ní sinmi lọ́wọ́ yín ni?" Màá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, màá kẹ́yìn sí i. Màmá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Àdìrẹ ni màmá mi ń ṣe, ó sì ń tà á. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé omi gan-an ni iṣẹ́ náà: wọ́n á ki aṣọ bọ aró, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á wá ṣàn án, wọ́n á tún un ṣàn, títí omi tó ń kán lára ẹ̀ á fi mọ́ lóló. Bẹ́ẹ̀ orí àpáta ni ilé wa wà. Bó o bá gbẹ́ ilẹ̀ níwọ̀nba, ṣọ́bìrì á ké gbàǹ, ó parí nìyẹn. Kànga kan ṣoṣo tó wà lágbàlá wa máa ń gbẹ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á wá máa ru omi kiri bí ẹrú. Ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni àwọn alágbàlá fẹnu kò pé kí wọ́n gbẹ́ kànga dẹ̀rọ. Kí àwọn agbẹ́lẹ̀ tó dé, obìnrin kan ló kọ́kọ́ wá. Ó wọ ṣòkòtò jíǹsì, ó gbé ẹ̀rọ kan dání tí kò tóbi ju kúlà oúnjẹ lọ. Ó ta wáyà gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa, ó ń fi òòlù gbá irin mọ́lẹ̀, ó ń wo ẹ̀rọ, ó ń kọ nǹkan. Àwọn ọkùnrin àdúgbò dúró tì í, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu: "Ìyàwó wa, ṣé iná lẹ fẹ́ fà fún wa ni?" Ó ń gbá irin ẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé adìyẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó ní, "Ibí yìí ni àpáta ti là. Ibi tó bá ti là ni omi ń gbà."

Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Omi ya jáde, ó rin gbogbo wa gbindin. Màmá mi jó nínú omi yẹn tòun tìró tó ró sídìí. Èmi ò ráyè ijó. Mo lọ bá obìnrin yẹn níbi tó ti ń ká wáyà ẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń pè é, ohun tẹ́ ẹ kọ́?" Ó ní, "Jiọ́lọ́jì." Ohun témi náà fẹ́ ṣe láyé nìyẹn, n ò sì tún ronú nǹkan míì mọ́.

Ẹ wá fojú inú wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú adágún ẹja. Nígbà tí mo gbọ́ pé yunifásítì kan wà l'Ékìtì tó ń gba ọmọ tó bá fẹ́ kúrò ní yunifásítì míì wá kọ́ jiọ́lọ́jì, n ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, wọ́n sì gbà mí. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ọ̀gá ẹ̀ka ẹja buwọ́ lùwé pé òun yọ̀ǹda mi, kí n sì fi ránṣẹ́ sí Èkìtì kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Bí kò bá bọ́ sí i, wọ́n á fún ẹlòmíì láyè mi, àdéhùn èmi àti ẹja àrọ̀ á wá di títí láé.

Ọ̀gá yẹn, èèyàn dáadáa ni. Ọmọ Ẹ̀gbá bíi tèmi ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í le lẹ́nu ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo ti rí i pé ìwọ àti ẹja ò rẹ́. Wá gbà á lọ́jọ́rú." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo gun ọ̀kadà lọ tààrà sí Ìtòkú, mo pariwo láti òpin ìsọ̀ pé, "Mọ́mì! Wọ́n ti fẹ́ ṣe tìràńsífà mi lọ sí Èkìtì!"

Màmá mi gbójú sókè nínú aṣọ tó ń ká. Ó ní, "Tìràńsífà?"

"Tìràńsífà, mà!"

Àlàájà tí ìsọ̀ ẹ̀ kọjú sí tiwa gbọ́, ó káwọ́ lérí. Èmi rò pé ayọ̀ ló ń ṣe é. Orin ni mo ń kọ nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.

Ẹ ẹ̀ rí i, ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni Abẹ́òkúta, tìràńsífà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀ nínú ẹbí wa. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹni tó bá ṣẹ ọ̀gá ni. Bàbá Àgbà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Ìjemọ̀, ti bá ọ̀gá ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ rí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Kíá ni wọ́n gbé e lọ sí abúlé kan lẹ́bàá ẹnubodè, níbi tí iná ò sí, tí ẹ̀fọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mu gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ tán. Àwọn àgbà ẹbí ló kóra jọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá náà kí wọ́n tó dá a padà. Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe tìràńsífà nínú ẹbí wa, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ni, "Ta ló ṣẹ̀?" Tí wọ́n bá ti gbọ́ ìyẹn, wọ́n á ní, "Ta la máa lọ bẹ̀?" N ò rántí gbogbo èyí lọ́jọ́ yẹn. Inú mi ti dùn jù.

Lọ́jọ́rú, mo wọ aṣọ tó dáa, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. Akọ̀wé ẹ̀ wò mí tàánú-tàánú. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ dìde, ó fà mí lọ́wọ́ jókòó. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan mọ́. Mo ti dárí jì ẹ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ dárí kí ni jì mí, sà?"

"Ohun yòówù kó jẹ́. Àwọn èèyàn ẹ ti wá lánàá."

Mo ní, "Àwọn èèyàn mi wo, sà?"

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó ní bàbá arúgbó kan tó wọ agbádá funfun nà gbalaja síbi tí mo fẹsẹ̀ lé yẹn. Ó ní òun pariwo pé, "Ẹ dìde sà, ẹ má pa mí, ẹ lè bí mi!" ṣùgbọ́n bàbá ní òun ò ní dìde àyàfi tí òun bá gba ìlérí. Obìnrin kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sọ̀rọ̀. Ìyá kan tó wé ìborùn Mẹ́kà wá ń sunkún kíkorò, tó ń sọ pé ọmọ òrukàn tí bàbá ẹ̀ ti kú ni mí, pé kí wọ́n má gbé mi lọ sí ìdálẹ̀. Ó ní akọ̀wé òun náà bú sẹ́kún. Mo dá gbogbo wọn mọ̀. Bàbá Àgbà nìyẹn, màmá mi nìyẹn, Àlàájà sì nìyẹn, ẹni tí wọ́n máa ń mú dání lọ síbi ẹ̀bẹ̀ nítorí pé omijé kì í wọ́n ọn.

Mo ní, "Kí lẹ wá ṣèlérí fún wọn, sà?"

"Pé n ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ lọ."

Yéè! Mo dìde fùú. Mo ní, "Èmi ni mo fẹ́ lọ, sà! Èmi ni mo bẹ̀ yín! Kò sẹ́ni tó ń lé mi!" Ọ̀gá wò mí, ó wo aago, ó tún wò mí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ dígí ojú ẹ̀ nù. Èmi ò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo na ìwé àti bírò sí i. Ó mi orí.

Ó ní, "Ọmọ mi, bàbá tó dàgbà tó baba mi dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo sì ti ṣèlérí fún un. Bí mo bá buwọ́ lu èyí, tí wọ́n wá gbọ́ pé o ti wà l'Ékìtì, kí ni kí wọ́n pè mí? Kí ẹnì kan nínú àwọn tó wá bẹ̀ mí padà wá. Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé kí n jẹ́ kó o lọ. Màá buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀."

Bí ẹ bá rí mi lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ yẹn! Mo ń dá sọ̀rọ̀, ọlọ́kadà ní kí n rọra, pé òun ò mọ̀ bóyá òun ni mò ń bú. Mo dé ilé Bàbá Àgbà ní Ìjemọ̀. Mo kúnlẹ̀ ná kí n tó pariwo, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé. Bí bàbá ṣe rí mi, ojú wọn tàn, wọ́n ní, "Dìde, dìde, má wulẹ̀ dúpẹ́. Ojúṣe wa ni."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti bá ayé mi jẹ́!"

Mo ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ò yé wọn. Mo tún un ṣe, ó yé wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní, "Tìràńsífà téèyàn fúnra ẹ̀ tọrọ? N ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé." Nígbà tí mo wá ní kí wọ́n bá mi padà lọ, wọ́n fọwọ́ di ẹ̀yìn wọn mú. "Àyà yìí tí mo fi lélẹ̀ lánàá pé kí wọ́n má gbé ẹ lọ, ṣé òun náà ni kí n tún fi lélẹ̀ lọ́la pé kí wọ́n gbé ẹ lọ? Ọkùnrin yẹn á ní arúgbó ti ń ṣe mí. Èmi ò lọ o." Bàbá Àgbà kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Mo sáré lọ bá Àlàájà ní Ìtòkú. Ẹkún tòótọ́ ló kọ́kọ́ sun nígbà tó gbọ́, ó ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kọ̀. Ó ní, "Lánàá mo sunkún pé kó o má lọ. Ṣé kí n tún sunkún pé kó o lọ? Ojú mi ò gbà á, ọmọ mi."

Ó wá ku màmá mi. Ó ń ká aṣọ lọ ní tiẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ bá mi lọ." Kò wò mí. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Ó tún aṣọ kan ká, ó wá ní, "Ṣé ẹja yẹn wá burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

N ò mọ ohun tó mú mi. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi ò dákẹ́. Bí mo bá ń bínú, àwọn ará Sápọ́n lọ́hùn-ún á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Mo wọlé, mo jókòó. Ọjọ́ kejì tíí ṣe Ọjọ́bọ̀, mo ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé, mo ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" àti "ó ti tó, mà," kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fìyà jẹ wọ́n. Ó rẹ̀ mí ni. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí oúnjẹ alẹ́ tó, màmá mi bu ẹ̀bà, ó fi ẹja sí ọbẹ̀. Orí ẹja ni, èyí tó ranjú kalẹ̀ bí alápámáṣiṣẹ́. Mo rí i pé ó ń wò mí, ó ń retí kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. N ò bá ẹja jà. N ò bú u. Mo bù ú, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ orí ẹ̀, mo tu egungun ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ọbẹ̀ yìí dùn." Ẹ̀rín kúrò lójú màmá mi. Ó gbé òkèlè ọwọ́ ẹ̀ padà sínú àwo.

Ó ní, "Pariwo sí mi."

Mo ní, "Kò sóhun tí mo fẹ́ pariwo sí, mà."

Ó ní, "Haa." Kò jẹun mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ohùn ẹ̀ ló jí mi. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ kànpálà aláró dúdú tí kì í wọ̀ àfi tó bá ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó sì ti wé gèlè. Ó ní, "Dìde. Ká lọ kí Jímọ̀ tó tó." Mo sáré wọ aṣọ.

Ọ̀gá ẹ̀ka rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń sọ pé, "Ẹ má kúnlẹ̀ o, mo bẹ̀ yín," ṣùgbọ́n màmá mi ti wà nílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣe tìràńsífà ọmọ mi."

Ọ̀gá ní, "Ìyá, ọmọ yín ti ṣàlàyé fún mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò yé yín dáadáa lọ́jọ́ yẹn ni."

Màmá mi ní, "Ó yé mi, sà." Ó wo ilẹ̀. "Kò yé bàbá, kò yé Àlàájà, ṣùgbọ́n ó yé èmi. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń ra kànpálà lọ́wọ́ mi, mo mọ ohun tí tìràńsífà ń jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n ní ká lọ bẹ̀bẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn, mo panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti lọ sílé ọkọ l'Ékòó. Òun nìkan ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé. Tí wọ́n bá bi yín pé ta ló ṣẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Akọ̀wé tí ó fetí sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ti ń fi ọwọ́ nu ojú. Èmi tí mo ti múra ìbínú sílẹ̀ látọjọ́rú, n ò rí i mú jáde mọ́; mo kúnlẹ̀ ti màmá mi, mo dì mọ́ ọn, gèlè ẹ̀ sì tú. Ọ̀gá fa ìwé yẹn mọ́ra, ó buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀ lé e gbì! Mo ya fọ́tò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Èkìtì lórí fóònù. Nígbà tí ìdáhùn dé pé wọ́n ti rí i gbà, igbe tí mo ké, ọ̀gá ní ó dá òun lójú pé àwọn ẹja gbọ́ ọ nínú adágún.

Nígbà tá a jáde, mo ní, "Mọ́mì, ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí bàbá arúgbó nà gbalaja!" Ó ń tún gèlè ẹ̀ wé, ó ní, "Ẹ̀yìn bàbá á san. Máa lọ kẹ́rù ẹ kí n tó yí ọkàn mi padà." Mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé mò ń bínú.

Báyìí ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, tí mo fi dé Èkìtì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì, olùkọ́ bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Abẹ́òkúta. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ẹ fi òkúta sílẹ̀ nílé, ẹ wá ń wá òkúta wá sọ́dọ̀ wa!" Mo yíjú padà, mo fún un ní tiẹ̀, mo tún fún un ní ti ẹni tó jókòó tì í. Látọjọ́ náà ni a ti di ọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n kó wa lọ sórí òkè, tí mo fi òòlù gbá òkúta fún ìgbà àkọ́kọ́, tó là, tí inú ẹ̀ ń dán yinrin lójú oòrùn, mo hó yèè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. N kò rò pé mo ti láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo pe màmá mi láti orí òkè yẹn, mo ní, "Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé gbogbo òkúta tó wà lábẹ́ ilé wa yẹn ti gbóná débi tó yọ́ rí?"

Ó ní, "Ta ló yọ́ ọ?"

"Ooru inú ilẹ̀ ni, mà. Ó ti pẹ́ gan-an."

"Ó ṣáà ti tutù báyìí?"

"Ó ti tutù, mọ́mì."

"Alhamdulilai," ló wí, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Bẹ́ẹ̀ là ń bá a lọ títí Iléyá fi kù sí dẹ̀dẹ̀. A ní ìdánwò lọ́wọ́, n ò mọ ọjọ́ tá a máa parí, n ò sì sọ fún un pé màá wá, kó má baà máa wo ọ̀nà. Nígbà tó pè mí, ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá yín ti ọ̀hún ńkọ́, irú èèyàn wo ni? Mo ti bá Àlàájà sọ̀rọ̀. A lè wá. Ta ni mo máa kúnlẹ̀ fún kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ wálé ọdún?"

Omi lé sí mi lójú láàárín ariwo àwọn èrò ọkọ̀. Mo ní, "Ẹ má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mọ́mì. Mo ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Kútọ̀."